Ọjọ́ ìbí lórí ẹṣin: bí a ṣe ń múra, bí a ṣe ń gùn ún, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀

Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí n pé ẹni àádọ́ta ọdún, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Peckham pé àwọ̀ wo ni aṣọ ẹbí máa jẹ́. Mo ní kò sí aṣọ ẹbí. Ó ní, "Háà, Àǹtí mi, ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Mo ní ẹṣin ni mo fẹ́ gùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ojúde Ọba ti kọjá o!"

N kò bá a wí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ta ni kì í wo àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin? Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba sì ti gba ayélujára kan, tòun ti dígí dúdú àti sìgá, gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣọjọ́ ìbí ló ń rí ara rẹ̀ lórí gàárì. Ṣùgbọ́n ẹṣin Ojúde Ọba ní ẹni tó ń dì í ní ìjánu mú, ó ní onílù, ó ní òǹwòran tí kò lóǹkà. Èyí tó dákẹ́ lèmi ń wá: igbó, afẹ́fẹ́, ọkọ mi, àwọn ìbejì mi, ẹṣin. Kí ẹnikẹ́ni má gba gbohùngbohùn.

Mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan rí, bí a bá lè pè é ní gígùn. Ní Bar Beach ni, kí Eko Atlantic tó gba etíkun náà. Ẹlẹ́ṣin gbé mi sórí, ó fà mí lọ, ó fà mí bọ̀, oníyàwòrán ya fọ́tò kan, bàbá mi sanwó, ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ń lọ sí etíkun Ẹlẹ́gùṣì, púpọ̀ nínú ohun tí mo máa sọ nípa irun, bàtà àti ìjókòó wúlò fún yín náà. Àmọ́ ọ̀nà tí èmi tọ̀ ni mo máa là sílẹ̀ fún yín, títí kan ibi tí mo ti kọsẹ̀.

Wákàtí kan péré lẹ máa lò lórí ẹṣin. Òótọ́ tí ẹ bá sọ, tàbí irọ́ tí ẹ bá pa, kí ẹ tó débẹ̀ ló máa sọ bí wákàtí náà ṣe máa rí. Mo pa irọ́ kan, mo sì fi ojú ara mi rí èrè rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí mi gan-an. A máa dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mú ibi, ẹ mú àkókò

New Forest la lọ, ní agbègbè Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, igbó àtijọ́ ni. Nǹkan bí ọdún 1079 ni Ọba William, ẹni tó fogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yà á sọ́tọ̀ láti máa ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ní 2005 ni ìjọba sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn ọgbà ńlá tí wọ́n ń dáàbò bò fún gbogbo ìlú.

Ohun tó mú mi yàn án ni pé ẹṣin ló ni ìgboro níbẹ̀. Ẹṣin kúkúrú ń jẹko létí títì, wọ́n ń dábùú ọ̀nà nígbà tó bá wù wọ́n. Mo rí ọ̀kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń retí ṣéńjì. Wọn kì í ṣe ẹranko tí kò lólówó o. Àwọn ará àdúgbò kan ló ni wọ́n, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti ayébáyé pé kí wọ́n máa da ẹran sínú igbó náà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní agister á gé irun ìrù ẹṣin ní oríṣi ọnà kan, ọnà yẹn á sì sọ agbègbè tó ti wá, bí ilà ojú ṣe máa ń sọ ìlú ẹni láyé àwọn bàbá wa. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹṣin tó bá ti mọ adùn bisikíìtì á máa sáré tọ mọ́tò, mọ́tò á sì pa á lọ́jọ́ kan.

Kì í ṣe àwọn yẹn lẹ máa gùn. Àwọn ilé ẹṣin tó wà láàárín àwọn abúlé ibẹ̀ ní tiwọn, tí wọ́n ti kọ́, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Láti Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin ń dé Brockenhurst ní nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀. Tí ẹ bá wa mọ́tò, eré máìlì 40 ní wákàtí kan ni òpin lójú títì tí kò ní ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún dín in kù lálẹ́, torí ẹṣin dúdú lójú títì dúdú, ojú kì í tètè rí i.

Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ló wù mí jù: ilẹ̀ ti gbẹ, ojúmọ́ gùn, eṣinṣin kò tíì pọ̀. Tó bá di oṣù kẹjọ, gbogbo ọmọ ilé ìwé ti gba ìsinmi, owó ilé ìtura ti fò sókè, eṣinṣin sì ń da ẹṣin láàmú. Láti ìgbà náà títí di oṣù kọkànlá, àwọn ọjọ́ kan wà tí àwọn olówó ẹṣin máa ń gun ẹṣin wọ igbó lọ kó ẹran wọn jọ. Ẹ bi ilé ẹṣin yín léèrè bóyá ó kan ọjọ́ tiyín.

Ẹ má sì di gbogbo nǹkan mọ́ ọjọ́ ìbí gan-an. Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òjò lè rọ̀. Òmíràn tó ju òjò lọ náà lè ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ilé ẹṣin tó ní ìwé àṣẹ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ẹṣin háyà fún gígùn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù. Òfin ọdún 2018 ló wà nídìí ètò tó wà báyìí. Dókítà ẹran á yẹ àwọn ẹṣin wò, káńsù á fún ilé náà ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lẹ ìwé náà síbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì ayélujára wọn náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ̀ wọ́n láago. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ gba ibòmíràn lọ. Àwọn ilé kan tún ní àǹtẹ̀ British Horse Society, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1947. Ìyẹn náà dára.

Nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n ní ìwọ̀nyí: ṣé ìrìn jẹ́jẹ́ nìkan ni, àbí ẹṣin á sáré? Ẹni mélòó ló máa wà nínú ọ̀wọ́ kan, amọ̀nà mélòó ló sì máa tẹ̀ lé wọn? Ìwúwo wo ni òpin? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń gbà, ṣé ẹnìkan á sì máa di ẹṣin àwọn ọmọdé mú? Bí òjò ńlá bá rọ̀, ṣé owó ń padà àbí ọjọ́ ló ń yí? Wákàtí kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan wa ju £40 lọ, nítorí náà ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹni mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà fún ìsinmi, ẹ ka ìwé ìdójútòfò ìrìn àjò yín dáadáa. Àwọn kan yọ ẹṣin gígùn kúrò nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún, àfi kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ má parọ́ nínú fọ́ọ̀mù

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Fọ́ọ̀mù náà máa béèrè gíga yín, ìwúwo yín, ọjọ́ orí yín, àti bóyá ẹ ti gun ẹṣin rí. Ilé tí a kọ́kọ́ gbà fi òpin sí stone 13, tí í ṣe nǹkan bíi kílò 82. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà láàárín 12 sí 14. Ìgbà tí mo gun òṣùwọ̀n gbẹ̀yìn, Kérésì kò tíì dé. Mo wo àjà, mo kọ 12.

A débẹ̀ ní ọjọ́ ìbí mi gan-an, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Òṣùwọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín àṣíborí, bí èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọdébìnrin kan fi ọ̀wọ̀ ní kí n gùn ún. Pẹ̀lú aṣọ, pẹ̀lú bàtà, ó di 13 àti pọ́ùn mẹ́rin. Kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní òun kò ní ẹṣin tó lè gbé mi lọ́jọ́ yẹn. Bàbá àwọn ọmọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ." Mo ní rárá o, owó ti wọlé, ẹ lọ gùn ún. Báyìí ni ọlọ́jọ́ ìbí ṣe jókòó ti ife tíì lórí bẹ́ǹṣì, tí gbogbo àwọn tó bá a wá sì gun ẹṣin wọ igbó lọ.

Mo fi wákàtí yẹn bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè ìdí. Ìṣirò wọn kò le. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn ẹṣin má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo òun fúnra rẹ̀ lọ, gàárì sì wà lára ẹrù náà. Ẹṣin tó wọn kílò 500 á gbé 100. Yọ gàárì bíi kílò 10 kúrò, ó ku 90 fún ènìyàn. Ẹṣin náà sì máa jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń jókòó, nítorí náà ilé ẹṣin á tún dín in kù. Ẹ̀yìn ẹṣin ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn kò bá ọ̀rá yín jà.

Ọjọ́ kejì ni mo pe ilé mìíràn, mo sọ 13 àti pọ́ùn mẹ́rin láìmikanlẹ̀. Ohùn tó dá mi lóhùn kò yí padà rárá: "Ó dára, a ní ẹṣin tó nípọn tó máa gbé yín." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú tí mo ti ń sá fún láti oṣù mẹ́rin kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ gun òṣùwọ̀n nílé, pẹ̀lú aṣọ àti bàtà tí ẹ máa wọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí.

Irọ́ kejì tó wọ́pọ̀, ti àwọn ọkùnrin ni. Ọkọ mi jẹ́ ará Ìlọrin. Torí pé ẹṣin wà ládùúgbò wọn nígbà èwe rẹ̀, ó kọ pé òun mọ̀ ọ́n gùn. Wọ́n pè é, wọ́n ní ṣé ó lè mú ẹṣin tó ń sáré dúró ní pápá gbalasa? Ó tún fọ́ọ̀mù kọ. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, ẹṣin ọ̀gá ni wọ́n máa fún un.

Bí ẹ bá lóyún, bí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí bá ń dùn yín, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Orí, ẹsẹ̀, àti ohun tó wà láàárín wọn

Orí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í kọ ti irun wa sínú ìwé àlàyé wọn. Àṣíborí gbọ́dọ̀ jókòó sórí dáadáa. Ẹni tó bá di ṣùkú lọ síbẹ̀, òkìtì àárín orí á gbé àṣíborí sókè bí ìdérí ìkòkò tí ọbẹ̀ ń hó lábẹ́ rẹ̀. Wíìgì á máa yọ̀, àṣíborí á bá a yọ̀ bojú. Irun àfikún tó nípọn tí ẹ ká jọ sí ìpàkọ́ náà kò ní jẹ́ kó wọlé. Kòlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ di: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń lọ parí sí ọrùn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ dì í, kí orí má bàa máa ro yín lábẹ́ àṣíborí. Gèlè, ẹ gbé e sínú àpótí fún oúnjẹ alẹ́.

Ilé ẹṣin á yá yín ní àṣíborí. Ẹ wo inú rẹ̀ fún àmì bíi PAS 015, tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò fún ẹṣin gígùn. Ti kẹ̀kẹ́ kò ṣe é lò. Ẹ dè é lágbọ̀n, kí ẹ wá mi orí. Bí àṣíborí bá yí tí awọ iwájú orí yín kò bá a yí, ó ti tóbi jù.

Bàtà gbọ́dọ̀ ní gìgísẹ̀ kékeré, bíi ínǹṣì kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Gìgísẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ kọjá irin tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há síbẹ̀ nígbà tó bá ṣubú, ẹṣin á wọ́ ọ nílẹ̀. Bàtà eré ìdárayá kò ní gìgísẹ̀. Bàtà òjò onírọ́bà gbòòrò jù, ó lè há. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣòkòtò tó fún mọ́ra tó sì ń nà ló dára. Jíìnsì ní ojú rírán tó le nínú itan, á bó yín lára kí wákàtí tó pé. Ẹ̀yin obìnrin, kọ́mú eré ìdárayá ni o, kì í ṣe èyí tó ní wáyà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ bọ́ ọ sílé. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Yẹtí gbọọrọ, ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, agbádá fún fọ́tò: rárá. Ìbọ̀wọ́ wúlò bí ọwọ́ yín bá máa ń tètè tutù tàbí bó.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé wá

Àbúrò mi tẹ̀ lé wa lọ sí ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì ra bàlúùnù méjì tó kọ "50" sára. Ọpẹ́lọpẹ́ amọ̀nà tó rí i láti ẹnu géètì. Ẹranko tí wọ́n ń dọdẹ ni ẹṣin láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ohun tó bá ṣàdédé mì, tó dún pàá, tàbí tó fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú rẹ̀, sísá ló mọ̀. Bàlúùnù, ìwé tí wọ́n ń fọ́n sókè, ìlù, ariwo "Happy birthday" lójijì, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀yìn odi. Ẹ má sì ná owó mọ́ ẹni tó wà lórí ẹṣin. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń rò ó.

Kéèkì náà, ẹ jẹ ẹ́ nílé ìtura. Kárọ́ọ̀tì lẹ lè mú wá fún ẹṣin, ẹ là á gbọọrọ, kí ẹ má gé e roboto, torí roboto lè há a lọ́fun. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kí ẹṣin, ẹ gùn ún

Ẹ débẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú 20 ṣáájú àkókò. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, nítorí náà ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an àti abẹ́ imú rẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀yìn yọ sí i. Apá èjìká ni kí ẹ ti wá, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo fi Yorùbá kí tèmi, kò sọ pé òun kò gbọ́. Ẹ wo etí rẹ̀. Bí etí bá kọjú síwájú, ó ń wo yín ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn sẹ́yìn pátápátá, inú ń bí i. Bí ẹ bá rí rìbọ́ọ̀nù pupa ní ìrù ẹṣin kan, ẹ jìnnà sí ìdí rẹ̀: àmì pé ó máa ń tàpá ni.

Èyí tí wọ́n fún mi jẹ́ abo, funfun tó ní kàn-ǹ-kàn eérú lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí òpó ilé. Mo béèrè gíga rẹ̀, wọ́n ní ó lé ní ọwọ́ 15. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ẹṣin níbẹ̀, ínǹṣì mẹ́rin ni ọwọ́ kan, láti ilẹ̀ dé òkè èjìká rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yẹ okùn tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin wò kí ẹ tó gùn ún. Òun ló di gàárì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ gun àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí apá òsì ẹṣin. Ẹ fi ọwọ́ òsì kó okùn ìjánu pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀. Ẹ ti ẹsẹ̀ òsì bọ irin, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ má gún un níkùn. Ẹ gbé ara sókè, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ìdí rẹ̀ láìgbá a, kí ẹ wá jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má já lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí àpò gàrí.

Lórí gàárì, ẹ̀yìn nàró, èjìká rọ̀, ojú sì wo iwájú. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń tẹ irin, gìgísẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ di okùn ìjánu mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú nínú ọjà: kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fà á lápá já. Irin tí okùn yẹn so mọ́ wà lẹ́nu ẹṣin, ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe ni ẹnu rẹ̀ ń gbọ́. Kó lè rìn, ẹ fún un jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Kó lè dúró, ẹ rọ ìdí mọ́ gàárì, ẹ mí jáde, kí ẹ wá pa ìka mọ́ okùn títí á fi dúró. Bó bá ti dúró, ẹ tú ìka sílẹ̀ kíá, ìyẹn ni ẹ ṣeun tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nínú igbó

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí láìrí i. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i: amọ̀nà wà níwájú, ẹṣin mẹ́fà tò tẹ̀ lé e, ohun tí tirẹ̀ bá sì ṣe ni tiwa ń ṣe. Iṣẹ́ yín kò pọ̀. Ẹ fi àyè tó gùn tó ẹṣin kan sílẹ̀ láàárín yín àti ẹni iwájú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹṣin tẹ orí wálẹ̀ jẹko. Tèmi dán mi wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá ti jẹun lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ pé ẹ kò lè mú òun. Níbi gegele, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ nàró. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà láti ya fọ́tò, torí ẹrẹ̀ jíjìn wà nínú igbó náà tí koríko bò mọ́lẹ̀, amọ̀nà nìkan ló mọ ibi tó wà. Fóònù, ẹ fi sínú àpò oníṣíìpù. Amọ̀nà wa dúró lábẹ́ igi óòkù kan, ó gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ya gbogbo wa.

Ìrìn ẹṣin tó máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan. Lójú fídíò, ó dà bí ohun tí kò yára. Lórí gàárì, tí ẹ wà lókè orí mọ́tò, tí ìbàdí yín ń bá ti ẹṣin fì sọ́tùn-ún fì sósì, ó tó o.

Bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí ẹṣin sáré kùkúrú, ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀. Ìsáré yẹn ní ìlù méjì, gbì-gbì, gbì-gbì, ó sì ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Bí a ṣe ń bá a lò ni pé kí ẹ dìde díẹ̀ lórí irin ní gbì kan, kí ẹ jókòó ní èkejì, bí ọmọ odó tó ń lọ sókè sódò nínú iyán. Bí ẹ kò bá bá ìlù mu, ẹ̀yin lẹ máa di iṣu. Àwọn ìbejì mi mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ mi di iṣu.

Bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ sọ ọ́ sókè kí amọ̀nà gbọ́. Ẹ má pariwo, ẹ má fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹṣin mọ́ra, torí fífún ẹsẹ̀ ni àṣẹ pé kó lọ. Bó bá sì di pé ẹ ń ṣubú, ẹ yọ ẹsẹ̀ nínú irin, ẹ jọ̀wọ́ okùn ìjánu, ẹ ká ara jọ, kí ẹ yí kúrò nítòsí pátákò rẹ̀. Ẹ má tètè dìde. Bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí orí bá ti gbá ilẹ̀, kò sí gígùn mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ni, àṣíborí náà sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sọ̀ kalẹ̀

Ẹ yọ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nínú irin. Méjèèjì o, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ dojú bo iwájú díẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ẹ̀yìn, kí ẹ rọra yọ̀ wálẹ̀ lápá òsì, kí orúnkún sì tẹ̀ bí ẹ ti ń balẹ̀. Ilẹ̀ á jìnnà ju bí ẹ ti rò lọ, ẹsẹ̀ á sì gbọ̀n. Ẹ di gàárì mú títí á fi dúró. Ẹ fọwọ́ ra ẹṣin lọ́rùn, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ kí ẹ fi fún un ní kárọ́ọ̀tì, kí ó má bàa fi ìka yín kún un. Bí ẹ bá fẹ́ fún amọ̀nà ní nǹkan, wọ́n á gbà á tayọ̀tayọ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ní retí rẹ̀.

Lálẹ́, kí ẹ tó wẹ̀, ẹ yẹ ara wò fún eégbọn, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìbàdí àti ìdí irun. Ó pọ̀ nínú igbó náà, ó sì lè gbé àrùn Lyme. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó ti kan awọ, ẹ fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n tó sì ń gbòòrò roboto láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sọ fún un pé ẹ ti lọ sí New Forest. Lára àwọ̀ dúdú, pupa yẹn kì í hàn ketekete. Ẹ wo ó nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa.

Ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ tètè sùn. Ẹ má gba ìpè òde kankan ní ọjọ́ kejì. Èmi rò pé ara mi le, mo sì ti ṣèlérí ìjó fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, inú itan mi kọ̀ jálẹ̀. Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìtura, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi sì dúró nísàlẹ̀, ó ń fi fóònù ya mí.